Ọjọ́ Mẹ́rìnlá Kò Tó Láti Kó Ẹrù Ilé

Ẹni tó bá ti kó láti ilé kan lọ sí òmíràn rí yóò jẹ́rìí sí i pé ẹrù gan-an kọ́ ló le jù nínú iṣẹ́ náà. A ó rí páálí, a ó rí okùn, a ó sì rí awakọ̀ tí a máa bá ná owó ọkọ̀ títí ẹnu wa yóò fi kò. Ohun tó le ni kéèyàn mọ ohun tí yóò mú àti ohun tí yóò fi sílẹ̀, kó gba owó tí wọ́n jẹ ẹ́, kó san èyí tí òun náà jẹ, kó wá ilé-ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ níbi tó ń lọ, kó sì mọ ohun tí yóò máa jẹ níbẹ̀ kí iṣẹ́ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àkókò ni gbogbo èyí ń fẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé bí a bá fẹ́ mọ ojú tí ìjọba kan fi ń wo àwọn tó ń gbé lábẹ́ rẹ̀, ká wo iye ọjọ́ tó fún wọn láti palẹ̀ ẹrù mọ́.

Láàárín 1962 sí 1985, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló fi ilé wọn sílẹ̀ ní Gánà àti ní Nàìjíríà nítorí pé ìjọba ní kí wọ́n kó. Mẹ́ta nínú àwọn ìṣílọ wọ̀nyí ni mo fẹ́ ká gbé yẹ̀ wò. Èkíní ní ètò, ó ní ìwé, ó sì ní owó. Èkejì àti ẹ̀kẹta ní ọjọ́ mẹ́rìnlá péré. Ẹ̀kọ́ tó wà nínú wọn kan ẹnikẹ́ni tó ń gbé níbi tí kì í ṣe ìlú bàbá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ púpọ̀ nínú wa lónìí ni kò gbé ní ìlú bàbá rẹ̀.

Omi ń bọ̀ ní Akosombo

Ní 1961 ni ìjọba Kwame Nkrumah dá Volta River Authority sílẹ̀, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ lórí ìsédò Akosombo. Wọ́n fẹ́ sé odò Volta kí wọ́n lè fi agbára omi rẹ̀ ṣe iná mànàmáná. Adágún tí ìsédò náà yóò dá sílẹ̀ yóò bo ilẹ̀ tó fẹ̀ tó nǹkan bíi 8,500 kìlómítà níbùú-lóròó. Lórí ilẹ̀ yìí ni àwọn ènìyàn bíi 80,000 ń gbé, nínú àwọn ìlú àti abúlé tó lé ní 700. Gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ kó kúrò kí omi tó dé.

Ìgbìmọ̀ tó kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ ìsédò náà wò láàárín 1953 sí 1956 ti rò pé kí wọ́n fún àwọn ènìyàn lówó, kí oníkálukú sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé tuntun. Nígbà tí iṣẹ́ dé ojú ẹ̀, ìjọba yí èrò padà. Wọ́n ní àwọn máa kọ́ ìlú tuntun. Àwọn òṣìṣẹ́ wọ abúlé lọ, wọ́n ka orí àwọn ènìyàn, wọ́n ka yàrá, wọ́n ka igi tó ń so èso, wọ́n sì bá àwọn baálẹ̀ jókòó pé ta ni wọ́n fẹ́ bá gbé, níbo ni wọ́n sì fẹ́ lọ. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, abúlé tó lé ní 700 di ìlú tuntun 52.

Ilé tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ jẹ́ irú èyí tí a lè pè ní ilé ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi ìpìlẹ̀ ilé tó tóbi lélẹ̀, wọ́n fi páànù alumíníọ̀mù bò ó, wọ́n sì mọ yàrá kan parí nínú rẹ̀. Ìyókù di ti onílé, òun ni yóò máa kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ. Ilé yìí náà ni wọ́n kà sí gbà-má-bínú fún ilé tí omi yóò gbé.

Lójú ẹni tó ń ṣètò, kò burú. Àmọ́ nígbà tó di oṣù Karùn-ún 1964, wọ́n sé odò náà, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Gbogbo ilé kọ́ ló ti parí. Ohun tí wọ́n ti ń ṣe pẹ̀lú sùúrù wá di eré àsápajúdé: ọkọ̀ akẹ́rù níhìn-ín, ọkọ̀ ojú omi lọ́hùn-ún, ènìyàn, ewúrẹ́, adìyẹ, àpótí àti ẹní lórí ara wọn. Ìlú Kete-Krachi àtijọ́ wọ abẹ́ omi, wọ́n sì tẹ òmíràn dó sórí ilẹ̀ gíga. Ibojì àwọn bàbá ńlá kò ṣeé kó. Abẹ́ omi ni wọ́n wà títí di òní.

Ìṣòro tó tóbi jù kò sí lára ilé. Oko ni. Ọkùnrin tó ní ìyàwó méjì àti ọmọ mẹ́jọ dé ibi tí wọ́n ní kó máa gbé, ó bá yàrá kan. Ó lè fara da ìyẹn. Ṣùgbọ́n ó bi wọ́n pé oko òun dà, wọ́n sì ní kó ṣì ní sùúrù, wọn kò tíì ṣán ilẹ̀ tán. Ètò Oúnjẹ Àgbáyé ló gbé oúnjẹ wá fún àwọn ènìyàn tó ti ń bọ́ ara wọn láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Kò pẹ́ tí ọ̀pọ̀ fi ṣílẹ̀kùn ilé alumíníọ̀mù wọn sílẹ̀ tí wọ́n bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀, àwọn kan padà lọ sí etí adágún tuntun náà láti máa pẹja. Gbogbo èyí wà nínú ìwé tí Robert Chambers ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1970, tó dá lórí ìrírí ìṣílọ Volta, tí àwọn tó wà nídìí ètò náà sì kọ sínú rẹ̀ fúnra wọn.

Ohun tí mo rí fà yọ ni pé ìjọba tó ní ọdún díẹ̀ lọ́wọ́, tó ní owó, tó ní òṣìṣẹ́, tó sì fẹ́ kó dára, ṣì rí i pé àkókò kò tó. Wọ́n ka yàrá, wọ́n gbàgbé pé ilé láìsí ohun tí a ó máa jẹ nínú rẹ̀ kì í ṣe ilé.

Gánà, 1969

Ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn tí omi Akosombo bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ìjọba Gánà mìíràn tún ní kí àwọn ènìyàn kó. Lọ́tẹ̀ yìí kò sí ẹni tó ka yàrá ẹnikẹ́ni.

Àwọn Yorùbá ti ń ṣòwò ní Gánà tipẹ́ kí ó tó di pé orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Gánà. Láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìlọrin, Ìnísà, Èjìgbò, Ṣakí àti Ìgbòho ni wọ́n ti ń lọ. Onímọ̀ J. S. Eades, tó kọ ìwé lórí wọn, fi hàn bí wọ́n ṣe gbilẹ̀ tó nínú ọjà Tamale ní àríwá Gánà. Títí di òní, *alata samina* ni àwọn ará Gánà ń pe ọṣẹ dúdú. Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá.

Ẹ rántí pé nígbà tí púpọ̀ nínú wọn kó lọ, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà ló ń ṣàkóso Gold Coast àti Nàìjíríà. Owó kan náà ni wọ́n ń ná ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti ní Tamale. Ẹni tó kó lọ ní 1935 kò mọ̀ pé òun ń lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn, nítorí kò tíì sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ààlà ló wá bá a níbi tó jókòó sí. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní Gánà ní 1960, nínú nǹkan bíi 6,700,000 ènìyàn, àwọn tí wọ́n kà sí ará ìlú òkèèrè lé ní 800,000. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé Gánà ni wọ́n bí wọn sí.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Kofi Busia, tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta lórí àlééfà, kéde pé kí gbogbo àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú wá a tàbí kó kúrò láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Gbèdéke náà bọ́ sí ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá. Iṣẹ́ kò sí, gbèsè pọ̀ lọ́rùn ìjọba, ará ìlú sì ń wá ẹni tí wọn yóò di ẹ̀bi rù.

Ìyá ìyá mi wà nínú àwọn tó kó. Aṣọ ló ń tà ní Tamale. Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nínú ilé wa, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n wọkọ̀ ni ẹkún rẹ̀, bí kò ṣe ọjọ́ mẹ́rìnlá tó ṣáájú. Àwìn ni wọ́n ń tajà. Àwọn oníbàárà rẹ̀ wà káàkiri ìlú kéékèèké, olúkúlùkù sì ń san owó ní àsìkò ìkórè tàbí ní ọjọ́ ọjà. Ta ló máa san gbèsè fún ẹni tí ìjọba ti ní kó má sí níbẹ̀ mọ́ lọ́sẹ̀ méjì? Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin bá a kọ orúkọ àwọn onígbèsè sínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, ojú ewé mẹ́rin. Ẹni mélòó kan nínú wọn wá san, àwọn kan tilẹ̀ wá lóru kí ẹnikẹ́ni má baà rí wọn. Àwọn tó kù kò wá.

Ìṣirò tó wà níwájú rẹ̀ nìyí. Bó bá ta aṣọ tó kù ní ẹ̀dínwó, sídì ni wọn yóò san fún un, kò sì sí ẹni tó ń ná sídì ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bó bá di aṣọ náà sínú ọkọ̀, owó ọkọ̀ ti gòkè nítorí pé gbogbo ènìyàn ló ń wá ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì tún kojú àwọn aṣọ́bodè Gánà, Tógò àti Dahomey kó tó dé Nàìjíríà. Bó bá fi sílẹ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò, ọdún wo ni yóò padà wá gbà á? Nàìjíríà tó ń padà sí gan-an wà lẹ́nu ogun abẹ́lé nígbà náà. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́ Hausa, wọ́n gbọ́ Dagbani, Yorùbá inú ilé nìkan ni wọ́n mọ̀. Ó di ẹní, ìkòkò, àwo tánganran àti ìdì aṣọ mẹ́ta, ó sì wọkọ̀.

Àwọn àgbà ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Àwọn tó ti kọ́lé sílùú kí wọ́n tó lé wọn rí ibi orí wọn wọ̀, ìyẹn kò ní àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Akosombo ló tún ṣẹlẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Èjìgbò: ilé wà, oko kò sí. Onísòwò tó lo ọgbọ̀n ọdún láti mọ oníbàárà rẹ̀ lórúkọ bọ́ sí ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n ní ọjà. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ kò fi jókòó. Àwọn kan kọrí sí Èkó, àwọn kan sí òkè Ọya. Ọ̀pọ̀ ará Èjìgbò gba Côte d'Ivoire lọ láti bá àwọn ènìyàn wọn tó ti wà níbẹ̀, débi pé títí di òní, ọ̀nà Èjìgbò sí Abidjan kò yàtọ̀ sí ọ̀nà oko lójú wọn.

Gánà náà kò rí èrè tó retí. Àwọn àgbẹ̀ kòkó pàdánù lébìrà tó ń bá wọn ṣiṣẹ́. Ní oṣù Kìíní 1972, àwọn ológun gbàjọba lọ́wọ́ Busia, ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè náà kò sì tíì gún.

Nàìjíríà, 1983

Owó epo rọ̀bì dé Nàìjíríà, ó kù bí ọdún díẹ̀ kí Gánà fi wọ gàù. Àwọn ará Gánà bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀. Wọ́n wá ṣe bíríkìlà, télọ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ àti tíṣà. Ẹ bi àwọn tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíráámà láàárín 1976 sí 1983, wọn yóò dárúkọ tíṣà ará Gánà kan ó kéré tán, ẹni tó kọ́ wọn ní ìṣirò tàbí físíìsì.

Nígbà tí owó epo já, tí ìdìbò 1983 sì ń sún mọ́lé, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ ní Accra ní 1969 ni wọ́n tún sọ ní Èkó. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1983, Alhaji Ali Baba, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nínú ìjọba Shehu Shagari, kéde pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ. Ọjọ́ mélòó? Mẹ́rìnlá. Wọ́n fi oṣù kan kún un fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó dáńtọ́. Wọ́n fojú bù ú pé àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn tó mílíọ̀nù méjì, tí nǹkan bí ìdajì wọn jẹ́ ará Gánà.

Ọ̀nà tí wọn yóò gbà padà sílé ti dí. Ìjọba Rawlings ti ti ẹnubodè Gánà pa láti oṣù Kẹsàn-án 1982. Èrò wọ́ dé Sẹ̀mẹ̀, wọ́n wọ orílẹ̀-èdè Benin, wọ́n sì há síbẹ̀, iwájú kò ṣeé lọ, ẹ̀yìn kò ṣeé padà sí. Àwọn mìíràn sùn sí èbúté Èkó títí wọ́n fi rí ọkọ̀ ojú omi. Ìparí oṣù Kìíní ni Gánà tó ṣí ẹnubodè rẹ̀, wọ́n sì padà dé ilé tí ọ̀dá àti iná ìgbẹ́ ń bá fínra lọ́dún náà.

Gbogbo wa la mọ báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù. Báàgì ọ̀rá onílà pupa, aró àti funfun, tó fúyẹ́, tó pọ́ọ́kú, tó sì ń gba ìkòkò pẹ̀lú aṣọ. Lọ́dọ̀ wa ó di *Ghana Must Go*. A ń sọ ọ́ títí di òní ní ọjà, a ń rẹ́rìn-ín, a kì í rántí pé ọ̀rọ̀ ìléjáde ni. Àwọn ará Gánà ní orúkọ tiwọn fún un ní èdè Akan: *efiewura sua me*, ìyẹn ni pé, onílé, gbé e rù mí. Mo máa ń ronú lórí orúkọ méjèèjì yìí. Àwa tí a lé wọn ń sọ pé kí wọ́n máa lọ. Ẹni tí wọ́n ń lé kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní kí onílé bá òun gbé ẹrù sórí ni.

Àwọn kan ní ẹ̀san ni, pé Nàìjíríà san oore 1969 padà. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lójú àwọn olóṣèlú. Ṣùgbọ́n tíṣà físíìsì tó ń di ẹrù ní Ìbàdàn kọ́ ló lé ìyá ìyá mi ní Tamale. Ní 1985, ìjọba ológun Muhammadu Buhari tún lé àwọn mìíràn.

Oṣù mẹ́fà àti ọjọ́ mẹ́rìnlá

Èmi náà ti gba kúìtì rí ní Èkó. Òfin ayálégbé tí ìpínlẹ̀ náà ṣe ní 2011 sọ pé bí kò bá sí àdéhùn mìíràn, ẹni tó ń san owó ilé ní ọdọọdún ní ẹ̀tọ́ sí oṣù mẹ́fà, ẹni tó ń san án ní oṣooṣù sì ní oṣù kan. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fún mi, mo sì lò ó tán. Mo lo oṣù méjì láti wá ilé, oṣù kan láti kó owó jọ, oṣù kan láti tún ibẹ̀ ṣe, ìyókù láti tú ilé palẹ̀ àti láti bá ọmọ mi parí sáà ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Èyí jẹ́ láti àdúgbò kan sí òmíràn nínú ìlú kan náà, owó kan náà, èdè kan náà.

Ẹ wá fi wé ẹni tó ti lo ogójì ọdún ní Tamale, tó bímọ síbẹ̀, tó sin òkú síbẹ̀, tí wọ́n wá fún ní ọjọ́ mẹ́rìnlá láti sọdá ààlà mẹ́ta. Òfin tó dáàbò bo ayálégbé yàrá kan ní Muṣin ju èyí tó dáàbò bo odindi ìdílé lọ.

Lórí ìwé, nǹkan ti yàtọ̀. Ní oṣù Karùn-ún 1979, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS buwọ́ lu àdéhùn pé ọmọ ẹgbẹ́ kan lè wọ orílẹ̀-èdè mìíràn láìgba físà, kó sì wà níbẹ̀ fún àádọ́rùn-ún ọjọ́. Ìwé Àdéhùn Ilẹ̀ Áfíríkà lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, tí wọ́n ṣe ní 1981, sọ ọ́ ní gbangba nínú abala kejìlá pé a kò gbọ́dọ̀ lé àwọn àjèjì lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní oṣù Kẹfà 1983, oṣù márùn-ún lẹ́yìn tó ti ṣe ohun tí ìwé náà kà léèwọ̀.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò tíì kú. Ní oṣù Keje 2025, àwọn kan tún wọ́ jáde ní Accra pé kí àwọn ará Nàìjíríà máa lọ. Ìjọba Gánà kò gbà fún wọn, ó sì yẹ ká yìn wọ́n. Lọ́dọ̀ wa náà, ẹ kò ní pẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó rí ẹni tó ń sọ pé kí ẹ̀yà báyìí kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní ìlú báyìí, bíi pé ẹrù nìkan ni ènìyàn ní.

Nígbà tí mo bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ìbéèrè ìdí iṣẹ́ ni mo máa ń bi ẹni tó sọ ọ́. Ọjọ́ mélòó lo fún wọn? Ta ló máa gba gbèsè wọn fún wọn? Ọmọ tó ń múra sílẹ̀ de ìdánwò WAEC ńkọ́, níbo ni yóò jókòó sí kọ ọ́? Kí ni wọn yóò máa jẹ ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ níbi tí o ní kí wọ́n lọ? Ẹni tí kò bá ní èsì sí ìwọ̀nyí kò ní ètò, ìbínú ló ní.

Fún àwa tí a wà lájò, ẹ jẹ́ ká ṣe ohun tó wà ní ìkáwọ́ wa. Ká gba ìwé ìgbélùú nígbà tí ara dẹ̀, ká kọ orúkọ ẹni tó jẹ wá sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti iye, ká má sì jẹ́ kí gbogbo owó wa wà ní ibì kan. Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ pé ìmúra lè gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ìyá ìyá mi múra, ojú ewé mẹ́rin ló kọ. Ìjọba nìkan ló lè fúnni ní àkókò, ohun tí mo sì ń bèèrè kò pọ̀: kí ìjọba tó bá fẹ́ lé ènìyàn má ṣe kéré sí onílé tó fẹ́ gba yàrá rẹ̀ padà.